Àbẹ́là Inú Sítáàṣì

Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́: nínú fíìmù mẹ́ta tó kù fún Daddy mi, èmi ni mo ba méjì jẹ́.

Fọ́tò wéètì-áń-gẹ́ẹ̀tì ni Daddy ń yà ní Kẹ́tu, èyí tí wàá dúró gbà lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó ń wá iléèwé, àwọn tó ń wáṣẹ́, gbogbo wọn ló ti jókòó síwájú aṣọ pupa Daddy rí. Ṣùgbọ́n wọn ò ya Mummy rí. Wọ́n á ní, "Ẹni tí mò ń rí lójoojúmọ́, kí ni mo fẹ́ yà lára rẹ̀?" Àfìgbà tí ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, tí dókítà ní èyí tó ti lọ ò ní padà, ni wọ́n tó rántí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ya Mummy, káwọn sì fojú ara àwọn rí fọ́tò náà kí ojú náà tó ṣú pátápátá.

Fíìmù ọ̀hún ti pẹ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì débi pé kẹ́míkà inú rẹ̀, tó yẹ kó rọ̀ bí ẹ̀kọ, ti gan. Daddy ní kò burú, a ó po tiwa. Wọ́n ṣì ní ẹ̀tù kẹ́míkà nínú agolo mílíìkì méjì: èyí tó ń mú àwòrán jáde, àtèyí tó ń mú un dúró. Mo ra sódà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta èlò ọṣẹ, mo sì ra sítáàṣì ní Mile 12 kí kẹ́míkà náà lè ki. Ìkòkò Mummy ni mo fi sè é nílé wa l'Álápẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

"Ìkòkò ọbẹ̀ mi! Ṣé ẹ fẹ́ pa mí kẹ́ ẹ tó yà mí ni?"

Mummy jókòó lẹ́yìnkùlé, wọ́n di ẹnu pinpin, Daddy sì yà wọ́n. Èmi àti Daddy wá wọ balùwẹ̀. A fi aṣọ dí fèrèsé, torí fíìmù ò gbọdọ̀ rí ìmọ́lẹ̀, a sì so náílọ́ọ̀nù mọ́wọ́ nítorí sódà. Ọwọ́ mi ń táràrà. Daddy fa fíìmù yọ nínú kámẹ́rà, wọ́n fi ṣíbí tẹ́ kẹ́míkà sí i, wọ́n fi pépà bò ó, wọ́n yí ìgò lórí rẹ̀. Nínú òkùnkùn yẹn, èmi ni afọ́jú, Daddy ló ń ríran. Inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi.

A ka ọgọ́fà, a ṣí i. Lápálápá funfun ló kún ibẹ̀, kò sí ojú Mummy. A tún gbé Mummy jókòó, a padà wọ balùwẹ̀: ìkejì náà, bákan náà. Ni inú bá bí mi. Mo ní ẹ̀tù wọn ló ti bàjẹ́, ká pa gbogbo ẹ̀ tì jàre. Mo pariwo mọ́ bàbá tó bí mi lọ́mọ, nínú balùwẹ̀! Ojú ṣì ń tì mí dòní.

Daddy fi ìka méjì ra kẹ́míkà náà wò.

"Báwo lo ṣe se sítáàṣì yìí?"

"Bí Mummy ṣe kọ́ mi. Mo pò ó, mo da omi gbígbóná sí i, mo rẹ́ àbẹ́là sí i kí áyọ́ọ̀nù má bàa..."

Yéè! Àbẹ́là ni kò jẹ́ kí kẹ́míkà ràn lára fíìmù.

Daddy rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. "Agbádá la fẹ́ lọ̀ ni? Bọ́mọdé láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà."

Mo tún òmíràn sè láìsí àbẹ́là. Ó ku fíìmù kan ṣoṣo. Mummy tún jókòó.

"Jọ̀ọ́, rẹ́rìn-ín," Daddy bẹ̀ wọ́n.

"Ẹ̀rín wo? Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ti gbé mi jókòó sínú oòrùn, ìkòkò mi sì ti lọ."

Èyí jáde. Ojú Mummy hàn kedere, wọ́n di ẹnu pinpin, wọ́n fajú ro bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó. Daddy gbé fọ́tò náà lọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbé e súnmọ́ imú, wọ́n yí i síbí, wọ́n yí i sọ́hùn-ún. Ó pẹ́.

"Ẹ wò ó," wọ́n ní, "ó kúkú padà rẹ́rìn-ín."

Mo wo fọ́tò. Mo ti la ẹnu tán nígbà tí Mummy fojú bá mi wí.

"Mo rẹ́rìn-ín, Daddy," Mummy dáhùn. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ pa mí lẹ́rìn-ín?"