Ohùn Bàbá Mi Nínú Láápútọ́ọ̀pù

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń wo èèyàn bí ọ̀lẹ nílé baba rẹ̀, ẹ sọ fún àwọn ará Fìdítì pé gémù lẹ fi ṣe iṣẹ́. Bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, náà kọ́kọ́ bá wọn bú mi. Ó ní òun ò rán mi níléèwé kí n wá máa lé bọ́ọ̀lù tí kò sí kiri.

Àmọ́ Bàbá fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ju oúnjẹ lọ. Lọ́jọ́ kan, mò ń gbá gémù lórí làífù, àwọn èèyàn ń wò mí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni Bàbá bá fa àga sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn eré náà bíi ti rédíò ayé àtijọ́.

"Ó gbà á! Ó júwe ọ̀nà Ìlọrà fún un, òun fúnra rẹ̀ gba Akínmọ́ọ̀rìn lọ!"

Ẹ̀rín pa mí débi pé wọ́n gbá bọ́ọ̀lù wọlé mi.

Láti ọjọ́ náà, èmi kọ́ ni wọ́n ń wá wò mọ́. Àwọn ọmọ ìlú wa tó wà lókè òkun a máa béèrè pé, "Bàbá dà?" Bàbá pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í dé fìlà kó tó jókòó. Ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ̀kì wa kò ní láárí. Ohùn rẹ̀ a máa já, kò sì pẹ́ tí ojú òpó tá a ń lò fi máa ń pa fídíò náà rẹ́. Mo fẹ́ kí láápútọ́ọ̀pù mi máa ká eré náà sílẹ̀ bó ṣe ń gbé e jáde lọ́wọ́. Ìdí tí mo fi fẹ́ ẹ ni pé ẹ̀jẹ̀ Bàbá ń ru. Nígbà tí ìyá mi kú, fọ́tò nìkan ló fi sílẹ̀. Mi ò rántí bí ohùn rẹ̀ ṣe rí mọ́, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mí títí dòní.

Láápútọ́ọ̀pù ọ̀hún ti darúgbó. Tí mo bá ti gbé iṣẹ́ méjèèjì lé e lórí, a máa pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta, a sì dákú. Mo dín àwòrán kù, mo gbé e lé orí bíríkì kí atẹ́gùn lè ráyè wọ abẹ́ rẹ̀. Mo yan irú fáìlì tí kò ní bàjẹ́ bí iná bá lọ lójijì. Mo gbé fóònù tó ń fún wa ní nẹ́tíwọ̀kì sójú fèrèsé, níbi tó ti ń rí i gbà dáadáa. Ní ọ̀sán Sátidé kan, ó gbà fún mi. Bàbá sún mọ́ máíkì.

"Ṣé wọ́n ti ń gbọ́ mi?"

"Wọ́n ń gbọ́ yín, sà."

Bàbá ò tíì bẹ̀rẹ̀ ìròyìn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lóbìnrin fi dé láti Ìlọrà. "Àgò onílé o!" Kíá ni Bàbá tẹ bọ́tìnnì orí máíkì. Ó ní ọ̀rọ̀ ilé kì í ṣe tàwọn òǹwòran. Ó ṣí fìlà, ó gbé e kalẹ̀ síwájú máíkì, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti ewú orí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fọwọ́ bà á lẹ́yìn, ó béèrè bóyá ó ń lo oògùn rẹ̀, ó sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Bàbá padà jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó ń fi orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ pe àwọn agbábọ́ọ̀lù, ó ń pòwe, ó ń bú réfírì. Nígbà tí mo gbá bọ́ọ̀lù wọlé, ó dìde dúró, ó pe ìyá mi tó ti kú: "Ìyá wọn, ìwọ náà wò ó! Ọmọ rẹ gbá a wọlé!" Omi bọ́ lójú mi, mi ò sì lè fi páàdì tí mo fi ń gbá gémù sílẹ̀ nù ún.

Nígbà tá a parí ni mo mú fóònù lójú fèrèsé. Ohun tí àwọn òǹwòran kọ kún ibẹ̀ bámúbámú: ohùn ò jáde, ẹ ṣí máíkì Bàbá. Mo gbé fìlà kúrò, mo rí iná pupa kékeré tó ń fi hàn pé wọ́n ti pa máíkì, tó ti ń tàn lẹ́yìn rẹ̀ látìgbà tí àlejò ti wọlé. Mo ṣí fáìlì, mo sún un dé àárín. Àwòrán mọ́ kedere, ariwo gémù ń dún, ẹnu Bàbá ń lọ, ohùn kankan ò sí. Bàbá ní, "Tòní dùn, àbí?" Mo ní ó dùn gan-an, a ó tún ṣe é ní Sátidé tó ń bọ̀.

Kí Sátidé ọ̀hún tó pé, àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un lápá ọ̀tún, ó sì gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Dókítà ní ká máa gbàdúrà. Mo mọ ohun tí dókítà ń sọ tó bá ti fi àdúrà kún un.

Nísinsìnyí, tó bá ti di ọ̀sán, yóò nawọ́ òsì sí láápútọ́ọ̀pù. Mo ti mọ ohun tó fẹ́. Màá tan fídíò náà, ohùn rẹ̀ yóò jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: "Ṣé wọ́n ti ń gbọ́ mi?" Bàbá kì í wo ohun tó kù. Yóò yí ojú sí mi, yóò máa wò mí, títí màá fi dá a lóhùn.

"Wọ́n ń gbọ́ yín, sà."