Orin Ìyàwó Tí Ìyàwó Mi Kọ Sínú Kásẹ́ẹ̀tì

Ó ti ń rẹ̀ mí láti máa bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ nípa ìyàwó mi tó ti dolóògbé. Bí a bá ti bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n máa ń rántí ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi mí sílẹ̀ nígbà kan. Kò rò ó rí. Orin ló ṣe.

Olùkọ́ ni àwa méjèèjì ní Kétu, ní àkókò ìjọba ológun tó pe ara rẹ̀ ní ti ìyípadà, nígbà tí gbogbo wa ń pe ara wa ní kàmáràdì, tí ìpàdé kò lè parí láì pariwo pé ìjà ń tẹ̀síwájú. Ní ìrọ̀lẹ́, ó máa ń jókòó lẹ́yìn ilé, yóò máa ta gìtá, yóò máa wá ọ̀rọ̀ sí i. Ó ti ṣe kásẹ́ẹ̀tì kan ṣáájú, àwọn ènìyàn sì fi í jó. Èkejì yìí ló gbà á lọ́kàn. Òun nìkan ló kọ ọ́, òun ló ta gìtá sí i, nínú yàrá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Kútọnu tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀. Kò sí ìlù, kò sí elégbè. Nígbà tó gbé e délé, ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, bí wọn ò bá gbọ́ èyí, ó tán. N ò ní ṣe orin mọ́." Mo rò pé ó ń ṣeré. Kò ṣeré.

Orin tó gùn jù nínú rẹ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀. Ẹkún ìyàwó ló mú, èyí tí ọmọbìnrin máa ń sun lọ́jọ́ tó bá ń kúrò nílé bàbá rẹ̀, tó fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tó fi ń dágbére fún ẹnu ọ̀nà àti àmù omi. Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ kan ṣoṣo ni obìnrin ń sun ẹkún yẹn láyé rẹ̀. Ìyàwó mi fẹ́ mọ bí yóò ti rí lẹ́nu obìnrin tó ti bímọ, tó ti ń hu ewú.

Ìwé ìròyìn ìjọba ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ní ohùn rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n orin náà ń sunkún níbi tó yẹ kó ti gbé àwọn òṣìṣẹ́ dìde, àti pé àmù omi kò kan ìyípadà. Ìyàwó mi tún un kà. "Ó kúkú gbọ́ ti àmù," ó ní. "Ìyẹn náà dára." Rédíò gbé orin náà sáfẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, lọ́sàn-án ọjọ́ ọjà. Bó ti parí, olóòtú bọ́ tààrà sórí ìkéde òkú.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn aládùúgbò ti ń wọlé. Kò sí ẹni tó dárúkọ orin. Èmi ni wọ́n wá bá wí. Ọ̀gá ilé-ìwé wa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kàmáràdì, kí lẹ fi ṣe obìnrin yìí?"

"N ò ṣe nǹkan kan."

"Ó ń dágbére lórí rédíò, ẹ ní ẹ ò ṣe nǹkan kan!"

Obìnrin oníṣòwò tó ń gbé níwájú ilé wa, ará Nàìjíríà, kò tilẹ̀ jókòó. "Ta ni obìnrin tí ẹ ń bá rìn níta? Ẹ sáà dárúkọ rẹ̀ fún mi, kí n mọ ẹni tí n ó máa bú."

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àbúrò bàbá ìyàwó mi obìnrin dé láti ilé wọn ní Okpomẹta, tòun ti agbọ̀n òfìfo. Mo dọ̀bálẹ̀. Kò ní kí n dìde.

"Àna, n ò bá ìjà wá. Ẹrù ọmọ mi ni mo wá kó."

"Ìyá, orin ni," ìyàwó mi ní. "Mo kàn kọ ọ́ ni."

"Ta ní ń sun ẹkún ìyàwó lásán? Àbí o tún ń lọ sílé ọkọ mìíràn ni?"

"Èmi? Tèmi ti ewú yìí?"

"Ewú kẹ̀? Èmi tí mo gbó tó báyìí, àwọn ọkùnrin ṣì ń wá wò mí."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Èmi ṣì wà nílẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ lè tán, ó bá a lọ sí Okpomẹta, kí àwọn ará ilé rẹ̀ lè fojú rí i pé kò sí àpá lára rẹ̀. Nígbà tó padà dé, mo bi í bóyá wọ́n gbọ́ orin náà.

"Wọ́n ní kí n kọ ọ́. Wọ́n sunkún gan-an. Wọ́n wá bi mí bóyá ẹ máa ń nà mí."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ti gìtá sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Gbogbo àsìkò òjò náà, ó ń kọ́ àwọn ọmọ, ó ń dáná, ó ń yẹ iṣẹ́ wọn wò, kò sì kọrin. Èmi náà sọ tèmi fún un, pé n ò gbọ́ orin tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. "Ẹ̀yin ni ọkọ mi," ó ní. "Kí lẹ ò bá tún sọ?"

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, a ń ti ọ̀nà Adakpamẹ bọ̀ lórí alùpùpù, ni a bá pàdé ìyàwó kan tí wọ́n ń mú jáde láti agboolé kan lẹ́bàá ọ̀nà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tó ń sun ẹkún ìyàwó. Mo dúró kí wọ́n kọjá. Ibi tí ohùn ti máa ń rọlẹ̀ nínú ẹkún àtijọ́, ọmọ náà gbé e sókè, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó mi ṣe gbé e sókè nínú kásẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó kù gbà á lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ló ti wà láti ayébáyé. Kò sí ẹni tó wojú wa.

Mo fẹ́ pè wọ́n, kí wọ́n mọ ẹni tó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó fa ẹ̀wù mi lẹ́yìn. "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀."

Ó tẹ́tí títí wọ́n fi yà sí ọ̀nà oko.

"Ó ń yára jù," ó ní. "Ibi tó yẹ kó ti mí, kò mí. Àbí èmi ni mi ò fi àyè sílẹ̀ fún un níbẹ̀?"

Mo tún tan ẹ́ńjìnnì. A tẹ̀síwájú. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ọ lẹ́yìn mi, tó ń kùn, tó ń dúró, tó ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Orin tí n kò mọ̀ ni. Ariwo ẹ́ńjìnnì kò jẹ́ kí n gbọ́ ọ dáadáa, mo bá ń rọra lọ.