Irọ́ Tí Mo Pa Mọ́ Ẹnì Kejì Mi

Mo ń kọ́ṣẹ́ àdìrẹ lọ́dọ̀ obìnrin kan ní Ìtòkú nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Àwa méjì ni ọmọṣẹ́ rẹ̀. Èmi àti ẹnì kejì mi, ọmọbìnrin ará Igbein, inú àwo kan náà la ti jọ ń jẹun. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi ni mo po omi sódà tí a fi ń ṣe aró, èyí tó máa ń bó ara bí iná. Mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà, fóònù mi dún, mo jáde lọ dáhùn, mi ò sì dé e. Ìyá ọ̀gá wa, arúgbó tí kò ríran dáadáa mọ́, fẹsẹ̀ kọ ọ́. Ó ṣubú, omi náà ta sí i lójú. A sáré gbé e dé ọsibítù, ṣùgbọ́n ojú ọ̀tún fọ́.

Ọ̀gá wa bi wá pé, "Ta ló gbé e síbẹ̀?"

Kí n tó rò ó, mo ti nàka sí ẹnì kejì mi. Ó ń wò mí ṣáá. Ó búra, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n lé e.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbààwẹ̀, tí mo fi sunkún bẹ Ọlọ́run. Síbẹ̀, bí àwọn ará bá ti dìde lọ gba oúnjẹ Olúwa, èmi kì í lè bá wọn lọ. Nígbà tó sú mi, mo lọ bá àlùfáà wa, mo sọ gbogbo rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù wẹ èyí náà mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ purọ́ mọ́ ńkọ́?"

Ìyá àgbà ti kú nígbà náà. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá wa ni mo kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀. Ó ní, "Ìyá mi ṣẹ́ èpè fún ọmọ ọlọ́mọ títí ó fi kú." Ó wọlé, ó tilẹ̀kùn.

Mo bá ẹnì kejì mi níwájú ilé bàbá rẹ̀ ní Igbein, níbi tó ti ń ta bọ́tìnì àti òwú ìránṣọ. Mo kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀, mo jẹ́wọ́. Kò yọwọ́ nínú òwú tó ń tò.

Ó ní, "Bàbá mi kú, kò gbà mí gbọ́. Orí ibùsùn ló ti ń bẹ̀ mí pé kí n sọ òótọ́."

"Jọ̀ọ́, dárí jì mí nítorí Ọlọ́run."

"Ọlọ́run lè ti dárí jì ọ́. Èmi ò tíì lè ṣe é. Dìde, oníbàárà ń bọ̀."

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo jáde síwájú pẹpẹ. Mo nawọ́, àlùfáà fi búrẹ́dì sí i, mo jẹ ẹ́. Mo gbà pé Ọlọ́run ti dárí jì mí. Bí mi ò bá gbà á, mo ti sọ ọ́ di onírọ́ bí èmi. Àmọ́ ìdùnnú tí mo ń retí kò tíì dé. Bí èmi àti ẹnì kejì mi bá pàdé lọ́jà, á rọra tẹríba, á ní, "Ẹ kú ọjà o, mà," bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.