Ìlú Tí Bàbá Olóbì Fò

Nígbà tí èmi tí ẹ ń wò yìí ṣì wà ní kékeré, tí èmi àti ìyá mi ṣì jọ ń sùn lórí ẹní kan náà, kò sí ẹni tó máa tàjò dé sí agboolé wa n'Ílọrin tí kò ní jókòó lórí awọ. Awọ àgbò ni, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń tẹ́ ẹ sí lẹ́yìn ìrun Alásárì. Ẹni tó tàjò dé á jókòó lé e, àwa yòókù á yí i ká nílẹ̀, á wá máa sọ bí ibi tó lọ ti rí: ilé tí àlejò lè wọ̀ sí, oúnjẹ tó dára, omi tí kò yẹ kí èèyàn fẹnu kàn, ọjà tí àwọn jáwójáwó pọ̀ sí. Ẹni tó ti débẹ̀ rí náà á dá sí i, ẹni tó ń múra àtilọ á máa béèrè. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé bí èèyàn bá bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí ńlá ní Mẹ́kà, kó yáa gbàgbé ẹ̀. Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń ta wàrà tó dára jù ní Kánò, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ mi kò tíì kọjá oko wa ní Òkè-Oyì.

Òfin kan wà tó de awọ yìí o. Wọn kì í purọ́ lórí rẹ̀. Àwọn àgbà ní àmánà, ohun tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ ẹni, ni ọ̀rọ̀ ọ̀nà, torí ẹni tí o bá tàn lè tìtorí ẹ̀ kú sí ìlú onílùú. Ṣùgbọ́n bí ìlú kan bá wà tí o kò fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, wàá kàn ní, "Ẹ jẹ́ á fo ibẹ̀," wọn á sì fò ó. Ẹnikẹ́ni kò ní bi ọ́ pé kí ló dé.

Ọkùnrin kan wà tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, obì ló ń tà, Bàbá Olóbì sì ni gbogbo wa ń pè é. Kò sí ẹni tó ń jókòó lórí awọ tó o. Bí wọ́n bá dárúkọ Jẹ́dà, yóò sọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà níbẹ̀. Bí wọ́n bá dárúkọ Ákrà tàbí Kàtúmù, ó ní tiẹ̀ láti sọ. Gbogbo èèyàn fẹ́ràn rẹ̀, àfi èmi. Mi ò lè ṣàlàyé ẹ̀ fún yín ju pé ọkàn mi kì í balẹ̀ tí mo bá rí i. Èso dàbínù tó bá fún mi, ewúrẹ́ ni mò ń fún. Ohun tí mo ṣáà ṣàkíyèsí ni pé tí ọ̀rọ̀ bá ti kan Kùmásì, á wo ilẹ̀, á ní, "Ẹ jẹ́ á fo ibẹ̀."

Kùmásì yìí sì ni bàbá mi wà. Mi ò mọ ojú rẹ̀ rárá, ọmọ ọwọ́ ni mo wà tó fi lọ. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ń fi aṣọ ránṣẹ́ pẹ̀lú kíkí. Nígbà tó yá, kíkí nìkan ló ń dé. Lẹ́yìn náà, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ìkòkò ni ìyá mi ń mọ. Ó ní àyè tirẹ̀ ní ẹbu, níbi tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò tí wọ́n sì ń sun ún, àyè ọ̀hún kò sì rọrùn láti rí. Bí o bá fi í sílẹ̀, ẹlòmíràn á gbà á, o ò sì ní rí i gbà padà. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ìyá mi ní òun ti ṣe tán, òun á gbé àyè náà fún ẹlòmíràn, òun á sì mú mi lọ bá bàbá mi. Ó lọ bá Bàbá Olóbì pé kó jókòó lórí awọ fún òun.

Ó jókòó. Ó sọ bí a ó ṣe wọ ọkọ̀ l'Ékòó, ó sọ ilé tí a lè sùn sí ní Kútọnù, ó sọ irú ẹja tí a lè jẹ ní Lomé. Ó dé Ákrà, ó wo ilẹ̀.

"Bàbá, Kùmásì wá ńkọ́?" Ìyá mi ló béèrè.

"Ẹ jẹ́ á fo ibẹ̀, ìyàwó."

Ìyá bàbá mi, tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, pòṣé. "Wálláhì, ọkùnrin yìí ò débẹ̀ rí! Ẹ bi í léèrè ẹni tó ń ta omi níbẹ̀, ẹ ó gbọ́."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bàbá Olóbì ń fi ọwọ́ ra irun awọ. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Mo ní ṣé ẹ rí i, ẹlẹ́tàn ni, mo ti mọ̀ tipẹ́.

Ìyá mi ti ń di ẹrù nígbà tí obìnrin aláṣọ kan dé láti Kùmásì, ọmọ agboolé kejì sí tiwa ni. Wọ́n pè é wá sórí awọ. Obìnrin náà lẹ́nu, ó sì lọ́yàyà. Ìyá mi bi í pé níbo ni òun àti ọmọ òun ti lè jẹun tí inú kò ní run àwọn.

"Ẹ má jẹun ní ibùdókọ̀ o. Ẹ wọ Sóńgò lọ tààrà, àdúgbò àwọn àlejò nìyẹn. Ẹ béèrè ìyá onítùwó, èyí tí ọmọ Ìlọrin fẹ́. Gbogbo àwa ará ilé, ibẹ̀ la ti ń jẹun. Ọkọ yẹn lọ́yàyà! Á ní ìkòkò tí ìyàwó òun fi ń ro tùwó ló jẹ́ kó dùn tó bẹ́ẹ̀, pé láti ilé lòun ti gbé e wá. Ẹ ó dá ìkòkò náà mọ̀, ọwọ́ ọmọ ìkókó kan wà lára ọrùn rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ nígbà tí amọ̀ ṣì tutù. Àwọn ọmọ ilé náà a máa fi ọwọ́ tiwọn wọ̀n ọ́n." Ó wá rí Bàbá Olóbì lẹ́yìn èrò. "Ẹ tiẹ̀ bi bàbá yìí léèrè. Ṣebí inú ilé yẹn gan-an ni wọ́n máa ń wọ̀ sí."

Gbogbo agboolé ló mọ ìkòkò náà, ìyá mi ló mọ ọ́n ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ mi, ọwọ́ mi ló tẹ̀ sí i lọ́rùn, bàbá mi sì gbé e dání lọ. Ìyá mi wá ọwọ́ mi lábẹ́ ìborùn rẹ̀, ó dì í mú títí ó fi dùn mí.

"Mi ò purọ́, ìyàwó," Bàbá Olóbì ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ ò purọ́, bàbá. Ẹ fò ó ni," ìyá mi dá a lóhùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí àwọn ẹgbẹ́ ìyá mi tó dé ẹbu, ó ti wà níbẹ̀, ó ń tẹ amọ̀. Kò lọ Kùmásì mọ́ títí ó fi kú. Mo ti fura sí Bàbá Olóbì, mo jàre, ṣùgbọ́n ohun tí mo fura sí kọ́ ló wà níbẹ̀. Mo rò pé kò mọ̀bẹ̀ ni, àṣé ó mọ̀bẹ̀ jù. Títí di òní, mi ò tíì lè sọ bóyá ó ṣàánú wa ni tàbí ó ń bo bàbá mi, ọ̀rẹ́ rẹ̀, láṣìírí.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Nínú ilé ọmọ mi ní Adéwọlé tí mo wà yìí, orí fóònù ni wọ́n ti ń gba ìmọ̀ràn ọ̀nà. Ẹni tí wọn ò rí rí á sọ hòtẹ́ẹ̀lì tó dára ní Dùbáì fún wọn, ẹlòmíràn á sọ ibi tí wọ́n ti ń jẹ ẹja ní Ìsítáńbù, wọn á fi ìràwọ̀ sí i, wọn á sì gbà á gbọ́. Kò sí awọ nílẹ̀, kò sì sí àmánà. Èmi kì í gbọ́ ohun tí wọ́n ń yìn. Ibi tí wọ́n bá fò ni mo máa ń gbọ́.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin fẹ́ lọ bá ọkọ rẹ̀ ní Kánádà. Iléyá tó kọjá, ọ̀rẹ́ ọkọ náà wálé, ó jókòó sórí àga wa, ó ń sọ̀rọ̀. Ó sọ ẹ̀wù òtútù tó yẹ kó rà, ó sọ ọkọ̀ òfuurufú tí kì í fi èèyàn ṣẹ̀sín, ó sọ ibi tí wọ́n ti ń rí iṣu rà. Mo wá bi í pé, "Ọmọ mi, nínú ilé tí ẹ jọ ń gbé yẹn, ta ló ń se oúnjẹ fún yín?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó wo fóònù rẹ̀. "Ìyá àgbà, tí ìyàwó bá débẹ̀, á rí i."

Ọmọ ọmọ mi náà ti fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní kó má tíì fi í sílẹ̀ o. Ó ní ìfura mi ti pọ̀ jù, pé ayé àtijọ́ ni mo wà. Mi ò bá a jiyàn. Mo kàn na ọwọ́ mi sí i, mo ní kó dì í mú, bí ìyá mi ti di tèmi mú lọ́jọ́ yẹn.