Ọ̀dà Ara Ọkọ̀ Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Kàn

Káfíńtà ni mí. Ìfọ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n Ìbàfọ̀ ni mo kọ́lé sí, lápá ibi tó sún mọ́ odò, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ ò wọ́n nígbà náà. Ìdí tí kò fi wọ́n kò pẹ́ yé mi. Lọ́dọọdún tí odò Ògùn bá ti kún, omi á gba títì wa, ó sì lè lo oṣù méjì kó tó padà síbi tó ti wá.

Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, àwọn géńdé àdúgbò a máa pọn ènìyàn kọjá. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, ọ̀kan nínú wọn pọn ìyàwó mi, ó dé àárín omi, ó ní òun fẹ́ sín. Ó sì sín lóòótọ́. Tòun ti aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì ni ìyàwó mi fi bọ́ sómi, Bíbélì rẹ̀ sì léfòó lọ bíi pẹ́pẹ́yẹ. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ló kó lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin wa ní Àgbàdo, kò sì padà títí omi fi gbẹ. Èmi nìkan ń mu gààrí, mo ń bá rédíò jiyàn. Nígbà tí ọdún yípo, ó ní bí òjò bá ti le, òun tún ń lọ, ó sì ṣeé ṣe kóun má padà wá mọ́, pé ọmọ wa ti ń tún yàrá kan ṣe de òun. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mo fẹ́ kó dúró tì mí, mi ò sì lè la ẹnu sọ ọ́. Nítorí náà mo lọ ra pákó ní Mowé, mo ní mo fẹ́ kan ọkọ̀ ojú omi.

Mo kàn án dáadáa. Mo fi òwú àti ọ̀dà dúdú dí gbogbo ojú ibi tí pákó ti pàdé. Mo kan ọwọ́ irin mẹ́fà mọ́ ọn, mẹ́ta lápá kan, mẹ́ta lápá kejì, kí àwọn aládùúgbò lè bá mi gbé e dé etí omi. Mo wá fi fáníṣì kùn ún, irú èyí tí a fi ń kun àga, títí ó fi ń dán gbinrin. Ó dára, ẹ̀gàn ni hẹ̀. Mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó. Ó wò ó látòkè délẹ̀, ó ka àwọn ọwọ́ irin náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Dádì," ó ní, "ta ló kú?"

Mo fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n mo tún ọkọ̀ náà wò, mo sì rí ohun tó rí. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń kan pósí kí n tó máa kan àga, ọwọ́ mi ò sì tíì gbàgbé. Èjìká ọkọ̀ náà fẹ̀, ibi ẹsẹ̀ rẹ̀ tínrín. Ìyàwó mi ní òun ò ní fi ẹsẹ̀ ara òun rìn wọnú pósí, ó sì padà sídìí ìkòkò rẹ̀.

Káfíńtà tó bá ṣàṣìṣe, ọ̀dà ló ń sá tọ̀. Mo lọ bá obìnrin tó ń ta ọ̀dà lẹ́bàá ọ̀nà.

"Bàbá, ti inú ni àbí ti ìta?" ó bi mí.

Mo ní ti ìta ni. Níbo tún ni ọkọ̀ ń gbé bí kò ṣe ìta? Mi ò sọ fún un pé ọkọ̀ ni, nítorí mi ò fẹ́ kí obìnrin méjì fi mí ṣẹ̀sín lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Ó fún mi ní funfun, mo kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Àlàájì tí ilé wa jọ fara kanra wá kí mi kú iṣẹ́. Ó yí ọkọ̀ náà po.

"Ẹ̀yin Kìrìsìtẹ́nì lẹ ni pósí," ó ní, "àwa la ń fi aṣọ funfun di òkú. Ẹ ti wá pa méjèèjì pọ̀."

Òjò ọjọ́ kejì ló bá mi parí ẹjọ́ yẹn. Ọ̀dà ara ògiri ni obìnrin yẹn tà fún mi, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì ṣàn bí omi ògì lọ sójúde Àlàájì. Mo padà lọ jẹ́wọ́ fún obìnrin náà pé ọkọ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó, ó wá gbé ọ́ìlì péǹtì jáde, èyí tí wọ́n fi ń kun géètì. Mo ní pupa ńkọ́? Àlàájì tó tẹ̀ lé mi ní rárá, pupa ni wọ́n fi ń sàmì sára ilé tí wọ́n fẹ́ wó. Àwọ̀ eérú ló wù mí, nítorí kì í tètè fi ìdọ̀tí hàn, àmọ́ ta ni yóò rí eérú lórí omi? Bí mo ṣe mú yẹ́lò nìyẹn, èyí tó pọ́n bí ìyeyè. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mi ò rí pósí yẹ́lò rí.

Omi ti gun títì wa nígbà tí mo kùn ún tán. Ìyàwó mi jáde sí i.

"Àwọ̀ rẹ̀ dára," ó ní.

"Ṣé wàá wọ̀ ọ́?"

"Ẹ̀yin ńkọ́? Láti ojú fèrèsé ni mo ti ń wò yín. Ẹ ń kùn ún, ẹ ń kùn ún, ẹ ò jókòó nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ì báà ṣe lórí ilẹ̀."

Ojú tì mí. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí a ti jọ wà, mi ò sọ ọ́ fún un rí. Mo ní mi ò lè lúwẹ̀ẹ́, pé omi ń bà mí lẹ́rù láti kékeré.

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi kan ọkọ̀?"

"Kí o má baà lọ ni."

Mo wọnú ọkọ̀ náà kí ọkàn mi tó yí padà. Ọ̀dà ò tíì gbẹ, ó lẹ̀ mọ́ mi ní ṣòkòtò, mo sì di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì mú gírígírí. Ìyàwó mi so ìró rẹ̀ le, ó wọlé, ó jókòó síwájú mi, ó sì mú àjẹ̀ tí mo gbẹ́ mọ́ ọkọ̀ náà. Lẹ́yìn náà ló fa fóònù yọ, ó pe ọmọ wa.

"Má wulẹ̀ tún yàrá yẹn ṣe mọ́," ó ní. "Dádì yín ń bẹ̀rù omi. Tí mo bá lọ, ta ló máa wa ọkọ̀ fún wọn?"