Àpèkọ tí mo pè láti ẹ̀yìn

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí kí n tó wọ kíláàsì kẹfà. Àwọn tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì máa ń kí mi pé, "Bàbá, ẹ kú àbọ̀ oko." Nígbà tí mo di olùkọ́, mo rò pé mo mọ ohun tí ojú ọmọ ń rí nínú kíláàsì.

Lọ́dún tí wọ́n ti bọ́dà pa, kíláàsì kẹfà ni mò ń kọ́, lójú ọ̀nà Òkè-Ọ̀dàn. Ọmọbìnrin kan wà níwájú tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa. Ẹnu mi ló máa ń wò. Bí mo bá ti dojú kọ ọ́, kò sí ohun tí mo sọ tí kì í mú.

Ìdánwò táàmù kìíní la fi ń yan àwọn tí orúkọ wọn máa lọ fún ìdánwò sẹ́kọ́ńdírì. Àpèkọ wà nínú rẹ̀: olùkọ́ a máa ka gbólóhùn, àwọn ọmọ a máa kọ ọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ni pé kí olùkọ́ dúró lẹ́yìn wọn, kí ó lè rí ẹni tó ń jí ìwé wò. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe. Ọmọ náà yí ọrùn padà sí mi.

Mo ní, "Kọjú síwájú. Àbí ìwé ọ̀rẹ́ ẹ lo fẹ́ jí wò?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Kò yíjú mọ́.

Òdo ni mo fún un. Ìgbà tí ọ̀gá àgbà ti fọwọ́ sí èsì ni mo tó rí i pé òdo yẹn nìkan ló yọ ọ́ kúrò nínú àwọn tí a yàn. Mo pè é, mo jókòó níwájú rẹ̀, mo tún gbólóhùn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pè. Ó gba mẹ́sàn-án. Mo ká ìwé náà sápò. Mi ò fẹ́ kí ọ̀gá mọ̀ pé èmi ni mo ṣàṣìṣe.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ̀ wá gba èsì. Ìrẹsì ló ń tà kí bọ́dà tó tì. Ẹ̀gẹ́ ló wá ń bó fún àwọn tó ń ṣe gàrí n'Ídógò.

Ó ní, "Ẹ ṣeun, Tíṣà, tí ẹ ò tàn mí. Àwọn ará ilé ti ń sọ pé kò lè kàwé, èmi ni mò ń ṣagídí. Kó wá bá mi bó ẹ̀gẹ́."

"Ẹ jẹ́ kó tún kíláàsì kà, Màmá."

"Ẹni tí ẹ̀yin fúnra yín fún ní òdo, kí ló tún fẹ́ kà?"

Ọmọ náà dúró láàárín wa, ó ń wo ẹnu mi. Ó mọ ohun tí mo lè sọ. Mo pa ẹnu náà dé.

Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi, tó ti di olóògbé báyìí. Ó ní, "Ẹ lọ bá wọn." Mo ní lọ́la. Ọdún Kérésì kọjá, ilé-ìwé wọlé, ọmọ náà kò dé. Ìgbà yẹn ni mo tó mú ìwé náà lọ s'Ídógò.

Ìyá rẹ̀ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó ń wo ìwé náà bí mo ṣe ń ṣàlàyé. "Lọ́jọ́ tí mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ìwé yìí wà lọ́wọ́ yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Kì í ṣe èmi lẹ máa mú un wá fún. Ẹ mú un lọ fún ọ̀gá yín."

Mo mú un lọ. Ọ̀gá bi mí ohun tó dá mi dúró. Mo ní ojú ló ń tì mí. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo kọ ọ́. Orúkọ ọmọ náà ló kẹ́yìn nínú èyí tí a fi ránṣẹ́.

Ìyá rẹ̀ ló mú un wá ya fọ́tò fọ́ọ̀mù ìdánwò. Ìyá náà kúnlẹ̀ kí gbogbo olùkọ́ tó wà lábẹ́ igi, lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó dìde, ó kọjá láìkí mi.