Obìnrin Tó Ní Kí N Má Sọ Pé Òun Ti Kú

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní onírọ́, kó pè mí. Orúkọ náà tọ́ sí mi, ẹ ó sì mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò fi nǹkan kan kún un, mi ò yọ nǹkan kan kúrò. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ràn, mi ò sì sùn.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Richton Park, lẹ́bàá Chicago ní Amẹ́ríkà, ni mò ń gbé, Joliet ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún tó kọjá, ìròyìn dé ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Chicago pé àrùn onígbáméjì ń pa èèyàn ní abúlé kan ní Òkè-Ògùn. A kó oògùn, a kó omi tí wọ́n ń fà síni lára, àwa mẹ́fà wọ bàálù, ó di ilé. Inú mi dùn débi pé mo ra bàtà tuntun nítorí fọ́tò. Ẹ wo ìwà!

Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la sọ di ọsibítù. Kí a tó kúrò ní Chicago ni pásítọ̀ ti fi òfin kan lélẹ̀: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí géètì fún aláìsàn títí a ó fi parí àdúrà òwúrọ̀. Ó ní iṣẹ́ Olúwa la bá lọ, Olúwa la ó kọ́kọ́ kí. Mo fara mọ́ ọn. Kódà, èmi ni mo máa ń dá orin.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣe àìsùn lọ́wọ́ ní Chicago lọ́hùn-ún, wọ́n sì fẹ́ bá wa gbàdúrà lórí fóònù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já. Bó bá ti já, a ó tún orin náà bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin la kọ orin kan ṣoṣo.

Obìnrin kan jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn géètì. Òun nìkan ló wá, ọlọ́kadà kan ló já a síbẹ̀ tó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó fi ìborùn aláwọ̀ ewé borí. Nígbà tó nawọ́ sókè sí mi, mo lọ bá a, mo bèèrè orúkọ rẹ̀.

“Ìyá Rísíkátù.” Ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú.

“Màmá, ẹ ní sùúrù díẹ̀. A ò ní pẹ́ ṣe àmín.”

“Kò burú, ọmọ mi.”

Bí mo ṣe ń lọ, ó tún nawọ́ sókè. Mo ya fọ́tò rẹ̀ báyẹn, mo padà sídìí orin mi.

Nígbà tí a ṣe àmín tí mo ṣí géètì, ó ti kú. Mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, kò sí ohun tó ń mì níbẹ̀. Ìtìjú mú mi débi pé mo fi tapólì bò ó látòkè délẹ̀ kí àwọn yòókù tó yọjú. Mo ní òkú kan la bá níta. Mi ò sọ pé mo bá a sọ̀rọ̀ nígbà tó wà láàyè.

Àwọn tí ìjọba ìbílẹ̀ yàn láti máa sin òkú fọ́n oògùn apakòkòrò sí i, wọ́n gbé e lọ. Wọn ò mọ̀ ọ́n, wọn ò bèèrè orúkọ. Kò sẹ́ni tó wẹ̀ ẹ́, kò sẹ́ni tó kírun sí i lára. Èmi tí mo mọ orúkọ rẹ̀ gbẹ́nu dákẹ́.

A padà sí Chicago. Lọ́jọ́ Ìsinmi tí a ń dúpẹ́, wọ́n gbé àwọn fọ́tò sára ògiri, gbàgàdà. Ìyá Rísíkátù wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ nà sókè.

“See how she’s praising God!” ni ìyàwó pásítọ̀ wí. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ tó fi ń bẹ̀ mí, ẹ̀yin èèyàn mi, òun ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí.

Pásítọ̀ na máìkì sí mi. “Sister, this mama ńkọ́? How is she now?”

Mi ò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu mi. “Ara Ìyá Rísíkátù ti yá, sà. Ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi rìn lọ sílé.”

Halelúyà gba ilé kan. Kí n tó dé Richton Park, fídíò náà ti wà lórí Facebook.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin kan fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Rísíkátù ni. Tíṣà ni ní Ìlọrin, ó ti wá ìyá rẹ̀ títí kó tó rí fídíò wa, ṣọ́ọ̀ṣì ló sì fún un ní nọ́ńbà mi. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Àǹtí, Ọlọ́run á ṣe tiyín. Please, ọjọ́ wo ni wọ́n kúrò lọ́dọ̀ yín? Mo ti wá sílé wọn láti dúró dè wọ́n. Ojoojúmọ́ ni mò ń se oúnjẹ wọn sílẹ̀.”

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, mi ò dáhùn. Ọmọ ń se oúnjẹ de òkú nítorí èmi, mo sì ń jẹ oúnjẹ tèmi. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo dígí. Lọ́jọ́ kẹrin, mo pinnu pé n ó sọ òtítọ́ fún un.

Aago méjìlá ọ̀sán, mo gba break, mo lọ jókòó sínú mọ́tò mi níta ọsibítù ní Joliet kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ẹkún mi. Mo ti ilẹ̀kùn. Bí mo ṣe fẹ́ tẹ nọ́ńbà Rísíkátù, òórùn kan gba inú mọ́tò. Oògùn apakòkòrò ni.

Ìyá Rísíkátù jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ìborùn yẹn ló wà lórí rẹ̀, ẹrẹ̀ pupa ti gbẹ mọ́ ọn. Kò wò mí. Iwájú ló ń wò, bí ẹni tó wọkọ̀ tó ń wá ibi tí yóò ti sọ̀ kalẹ̀. Mo tọ̀ sára, ṣé kí n tún parọ́ ni?

“Ọmọ mi,” ó rọra wí, “má sọ fún un.”

Mo nawọ́ sí ọwọ́ ilẹ̀kùn.

“Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé. Bó bá gbọ́ pé mo kú, mi ò ní lè wọlé mọ́. Ìwọ nìkan lo mọ̀.”

Mo ṣẹ́jú, àga ti ṣófo. Erùpẹ̀ pupa ló kù lórí rẹ̀. Mo fọwọ́ kó o, mo sì rí i pé erùpẹ̀ ni lóòótọ́.

Mo ṣáà tẹ nọ́ńbà náà. Kíá ni Rísíkátù gbé e.

“Àǹtí! Màmá mi ti dé! Just now ni wọ́n wọlé. Wọ́n rù o, ara wọn sì tutù, but wọ́n ti dé. Wọ́n ní kí n kí yín.”

Àwa tí wọ́n bí nílé Yorùbá mọ àkúdàáyà. Ó ti kú, ṣùgbọ́n á máa gbé níbi tí wọn ò ti mọ̀ pé ó kú. Ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ bá yọjú síbẹ̀, yóò pòórá. Mo la ẹnu láti sọ òtítọ́. Mo wá gbọ́ ìró ṣíbí nínú abọ́ lẹ́yìn Rísíkátù, ẹnì kan ń jẹun.

“Ẹ kú oríire,” ni mo wí. Àní mo kí i kú oríire!

Ṣọ́ọ̀ṣì tún ń lọ lóṣù tó ń bọ̀. Pásítọ̀ ní èmi ni n ó mú wọn dé ilé Ìyá Rísíkátù, kí wọ́n tún ya fídíò rẹ̀. Mi ò tíì dá a lóhùn. Bí mo bá lọ, ìyá yóò pòórá lójú ọmọ rẹ̀. Bí mo bá kọ̀, wọ́n á bi mí nídìí. Bí mo bá sì dákẹ́, ọmọ ọlọ́mọ á máa bá òkú sun orí bẹ́ẹ̀dì kan. Ó sọ fún mi lánàá pé ara màmá òun ò tíì móoru, ìdí nìyẹn tí òun fi ń dì mọ́ wọn sùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú aláìsàn, ẹ kọ́kọ́ ṣí géètì. Ọlọ́run lè dúró de orin. Bí wọ́n bá sì na máìkì sí yín, ẹ má parọ́ pé òkú ń bẹ láàyè. Òkú lè gba irọ́ yín gbọ́.